Ẹja tí ó Dà bí Ejò

Láti ìgbà tí a ti sọ ní ìpàdé pé a ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ kò jẹ́ kí a sinmi. Èyí tí ó gùn bí ejò ni wọ́n ń béèrè, tí wọ́n rí nínú fídíò, tí ó ń yọ orí láti inú ihò òkúta lábẹ́ òkun. Moray eel ni Òyìnbó ń pè é.

A kò ní tàn yín jẹ: owó ńlá ni. Omi òkun ni ó ń gbé, Odò Ọya ni ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa. Lítà omi kan ń fẹ́ iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Àpótí tí ó gba lítà 200 yóò jẹ kílò 7 kí ẹja tó wọ inú rẹ̀, kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá lágbára, kí ó yan irú tí à ń pè ní snowflake, nítorí akàn àti edé ni ó fẹ́ràn jù. Ẹni tí kò bá lágbára, kí ó gbọ́ tiwa.

Ẹja kan wà nínú omi aláìníyọ̀, láti Odò Ògùn ilẹ̀ wa títí dé ìhà Kóńgò, tí ó jọ ejò gan-an. Ropefish ni wọ́n ń pè é. Orúkọ Calabar ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ ní 1865. Kì í sábà ju sẹ̀ntímítà 37 lọ. Inú àbàtà tiwa ni wọ́n ti ń mú un lọ tà fún Òyìnbó, àwa kò sì mọ̀ ọ́n!

Bí ẹ bá ń rà á, ẹ má wo gígùn. Ẹ wò ó bóyá ikùn rẹ̀ ti wọlé, bóyá egbò wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹni tí ń tà á fún un ní ekòló lójú yín. Èyí tí kò bá jẹun, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ẹ má kó ẹja kéékèèké tì í, yóò gbé wọn mì.

Ìdérí ni ọ̀ràn wà. Nígbà tí ìyá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa wẹ ọmọ tuntun, ihò tí a gba rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kọjá kò ju ìka méjì lọ. Ní òru ọjọ́ kan tí iná lọ, ẹja gba ibẹ̀ jáde. Màmá tan iná láti gbé omi ọmọ kaná, ó rí i tí ó ń wọ́ lọ lẹ́bàá ẹní tí ọmọ sùn sí. Ọmọ odó ni ó kì mọ́lẹ̀. A kígbe pé ẹja ni. Ó ní, "Ẹja wo ní í rìn nínú ilé?"

Aṣọ tútù ni a fi gbé e padà. Ó yè, nítorí ó lè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ rọ omi kún dé ìdérí. Ṣùgbọ́n Màmá ti di ẹrù, ó ní òun kò ní wẹ ọmọ nínú ilé tí ejò ń gbé. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi bẹ̀ ẹ́. Fóòmù ni a fi dí ihò náà, a sì gbé òkúta lé ìdérí.

Màmá ti padà sílé báyìí. Bí ó bá tẹ̀ wá láago, ọmọ ni ó kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà òkúta.