Òṣèré Gbé Ìlù Kọ́rùn Nítorí Aláìsàn

Ní ọdún 2006, ní ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n kan kó ara wọn jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Band From TV, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹgbẹ́ olórin tí ó ti inú tẹlifíṣọ̀n jáde. Eré ni ó sọ púpọ̀ nínú wọn di olókìkí, kì í ṣe orin.

Greg Grunberg ni ó ń lu ìlù. Nínú eré tí wọ́n ń pè ní Heroes, ọlọ́pàá ni ó ṣe, ọlọ́pàá tí ó lè gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń rò nínú ọkàn. Adrian Pasdar, tí ó ṣe olóṣèlú tí ó ń fò bí ẹyẹ nínú eré kan náà, ń ta gìtá. James Denton pẹ̀lú ń ta gìtá. Òun ni ó ṣe ọkùnrin tí ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nínú Desperate Housewives. Hugh Laurie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí ìdí dùùrù. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Dókítà House, oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Jesse Spencer, ọmọ Ọsirélíà, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ House nínú eré náà, ń ta gòjé òyìnbó.

Wọn kì í dá orin tuntun sílẹ̀. Orin tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, tí àwọn ènìyàn sì ti mọ̀, ni wọ́n ń tún kọ. Ní ọdún 2007, nígbà tí wọ́n kó àwọn orin inú eré House jọ sínú àwo kan, ẹgbẹ́ yìí kọ orin kan sí i. Orin àwọn Rolling Stones ni.

Òfin kan ni ó mú ẹgbẹ́ náà yàtọ̀. Owó tí wọ́n bá rí kì í wọ àpò wọn. Olúkúlùkù yan iṣẹ́ àánú kan, ibẹ̀ ni ìpín rẹ̀ sì ń lọ. Laurie yan Save the Children, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Grunberg yan iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí wárápá àwọn ọmọdé ní yunifásítì UCLA. Kò yan án lásán. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní wárápá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ó yẹ ní àkíyèsí. Orí NBC ni Heroes ti ń jáde, House ń jáde lórí Fox, Desperate Housewives sì ń jáde lórí ABC. Àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta yìí ń bá ara wọn du òǹwòran lójoojúmọ́. Síbẹ̀ àwọn òṣèré wọn dúró lórí pèpéle kan náà, wọ́n sì pín èrò láàárín ara wọn láìjà.

Fún ọmọ Yorùbá, òṣèré tí ó mọ orin kì í ṣe àjèjì. Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945 ni orin àti eré ti jọ ń rìn lórí pèpéle. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sálà, ti ní ẹgbẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti kọ́kọ́ ta gìtá kí ó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí òṣèré fi òkìkí tí ó ti inú eré wá pe èrò jọ, kí ó sì tọ́ka sí aláìsàn pé, ẹ wo ẹni yìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè bẹnu àtẹ́ lu irú iṣẹ́ báyìí. Ó lè sọ pé bí olówó bá fẹ́ ṣàánú, kí ó mú owó jáde nínú àpò rẹ̀, kí ó má ṣe kó ènìyàn jọ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òfìfo. Ṣùgbọ́n owó tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà nìkan ni ó mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí ìlù bá dún, tí bàbá kan sì wí lórí pèpéle pé ọmọ òun ní wárápá, bàbá mìíràn tí ó ti tì ọmọ tirẹ̀ mọ́lé yóò gbọ́. Èyí ju owó lọ.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì rọrùn láti dáhùn. Bí àánú bá ń tẹ̀lé òkìkí, àìsàn tí ó mú ọmọ olókìkí ni yóò rí owó. Èyí tí ó mú ọmọ àgbẹ̀ yóò dúró dè é. UCLA kì í ṣe ibi tí kò sí dókítà. Ọmọ tí ó ṣubú lulẹ̀ ní oko kan nítòsí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní ẹni tí yóò lu ìlù fún un. Kì í ṣe ẹ̀bi Grunberg. Ó ṣe èyí tí ó kàn án. Ẹ̀ka tí ó kàn nílẹ̀ Yorùbá ni ó kù tí ó yẹ kí ẹnì kan gbé.

Nítorí pé wárápá wà ní ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ń fi í pamọ́. Bí ẹni tí ó ní i bá ṣubú lọ́jà, àwọn ènìyàn a sá. Wọ́n a ní itọ́ ẹnu rẹ̀ yóò ran àwọn. Wọ́n a mú ọmọ náà kúrò ní ilé ìwé. Bí ó bá dàgbà, wọn kì í fẹ́ fi ọmọ fún un, wọn kì í sì í fẹ́ ọmọ ní ilé rẹ̀. Àwọn mìíràn a fi ṣíbí há a lẹ́nu, àwọn mìíràn a tilẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kí ó lè jí. Ọgbẹ́ iná náà a sì wà lára ọmọ títí ayé.

Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Ọpọlọ ènìyàn ń fi agbára kan bí iná mànàmáná ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Bí agbára náà bá ru sókè lójijì kọjá ààlà, ẹni náà lè ṣubú, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n. Ìgbà mìíràn, ojú rẹ̀ kàn máa dúró sí ibì kan fún ìgbà díẹ̀, kò sì ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ìpalára nígbà ìbí lè fà á. Ibà tí ó wọ ọpọlọ lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni yírùnyírùn, aràn kan tí ó máa ń wà lára ẹlẹ́dẹ̀, àti ìjàǹbá alùpùpù tí ó ṣe orí léṣe. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó fà á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní wárápá ní gbogbo ayé. Nínú 100 wọn, ó tó 80 tí ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àjọ náà sọ pé bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ, nínú 100 aláìsàn, 70 lè máa gbé láìṣubú mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn rẹ̀, phénobarbital, ti wà láti ọdún 1912, kò sì wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni kí òbí gbà láti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sán gangan, kí aládùúgbò sì rí i. Oògùn náà pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ já ní àárín. Ẹni tí ó bá dá a dúró nítorí pé ó ti oṣù mẹ́ta tí ọmọ kò ṣubú mọ́ lè tún mú àìsàn náà padà wá pẹ̀lú agbára.

Ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn òṣèré ilẹ̀ Yorùbá wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Kò pọn dandan kí wọ́n ní gìtá. Gángan wà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, rédíò tí ń sọ èdè ìbílẹ̀ wà. Olókìkí tí ojú rẹ̀ ti mọ́ àwọn ènìyàn lára lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín eré kan ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe nígbà tí ènìyàn bá ṣubú: kí wọ́n mú ohun líle kúrò ní àyíká rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n má sì dì í mú pẹ̀lú agbára. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tí ara rẹ̀ kò tíì dúró, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí wọ́n bá sì gba owó, kí wọ́n ṣe é bí àwọn ará Los Angeles ti ṣe é: kí olúkúlùkù dárúkọ ibi tí ìpín rẹ̀ ń lọ kí ìlù tó dún, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tí èrò ti lọ ilé. Owó àánú tí kò ní orúkọ máa ń sọnù ní ọ̀nà, gbogbo ènìyàn sì mọ bí ó ti ń sọnù.

Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kejì ọdún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wárápá ní gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ òṣèré tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ nísinsìnyí, yálà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, yóò bá ọjọ́ náà.