Òrùka Sójà Róòmù Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí Kì Í Bá Ṣe Ayédèrú, Ṣé Kì Í Ṣe Ẹrù Olè?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní London fi fọ́tò òrùka kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òrùka bàbà ni, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bò ó, wọ́n sì fín "LEG X" sí i lórí, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹwàá. Ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní sójà Róòmù kan ló wọ̀ ọ́ ní nǹkan bíi 1,800 ọdún sẹ́yìn. Iye rẹ̀ jẹ́ 95 pọ́n-ùn, pẹ̀lú "ìwé ẹ̀rí ojúlówó". Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?" Mo ní kó ṣe sùúrù ná.

Ẹ má rò pé gbogbo irú ọjà yìí ni ayédèrú o. Àwọn ọmọ ogun Róòmù rìn láti Britain títí dé Síríà, ibi gbogbo tí wọ́n sì dé ni wọ́n já nǹkan sílẹ̀ sí: irin ìgbànú, orí ọfà, ọta òjé tí wọ́n ń fi kànnàkànnà jù. Irú nǹkan kéékèèké báyìí pọ̀ débi pé ojúlówó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ti rí àyè. Irin ìgbànú lásán kò lówó lórí, àmọ́ bí orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun bá wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ á fò sókè. Torí náà, lẹ́tà ni wọ́n máa ń fi kún un. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ní ìlú Ascoli ní Ítálì, àwọn kan ń kó ọta òjé àtijọ́ tó jẹ́ ojúlówó, wọ́n ń tẹ lẹ́tà tuntun sí i lára, wọ́n sì ń tà á. Òjé yẹn gbó lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni irọ́.

Kí la wá lè fojú wò? Ìpẹtà bàbà tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, inú bàbà fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde. Ó máa ń le, àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba, pupa sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ti ayédèrú, kẹ́míkà tàbí ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ó máa ń dọ́gba jù, òmíràn tiẹ̀ máa ń ṣí tí ẹ bá fi omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ nù ún. Ẹ wo inú lẹ́tà pẹ̀lú: bí lẹ́tà bá gé ìpẹtà yẹn kọjá tí inú rẹ̀ sì ń dán, sójà Róòmù kọ́ ló fín in. Bí ẹ bá sì rí òrùka méjì tí etí wọn ya níbì kan náà gẹ́lẹ́, inú mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti jáde.

Idẹ ní àṣírí tirẹ̀. Inú ìkòkò tí wọ́n dé pa ni àwọn ará Róòmù ti ń yan bàbà pọ̀ mọ́ òkúta síǹkì, síǹkì tó ń wọ inú rẹ̀ kì í sì í sábà ju 28 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ idẹ òde òní ní 35 sí 40. Ẹ̀rọ X-ray lè ka èyí láìha nǹkan náà rárá, àmọ́ fọ́tò orí fóònù kò lè kà á.

Ká tiẹ̀ wá sọ pé ojúlówó ni. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n ta owó wúrà kan ní gbàǹjo ní London ní iye tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Brutus, ọ̀kan lára àwọn tó pa Julius Caesar, ló ní kí wọ́n rọ irú owó yẹn ní 42 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó ń kó ogun kiri, kó lè rí owó san fún àwọn sójà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ojúlówó ni. Ìwé tó sọ àwọn tó ti ni ín tẹ́lẹ̀ ni ayédèrú! Ní 2023, wọ́n mú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó tà á ní New York, wọ́n sì dá owó náà padà fún orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Bí ìwé ọjà olówó mílíọ̀nù bá lè jẹ́ irọ́, kí la fẹ́ sọ nípa ìwé ẹ̀rí òrùka 95 pọ́n-ùn?

Lẹ́bàá odò Danube ní Bulgaria, ìlú Róòmù kan wà tó ń jẹ́ Ratiaria, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun. Lẹ́yìn tí ìjọba Kọ́múníìsì wó, àwọn olè kó ẹ̀rọ tó ń wá irin àti katapílà lọ síbẹ̀, wọ́n hú u yánnayànna. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ò bá rà, wọn ò ní hú.

Ohun tí a ń pàdánù sì ju owó lọ. Ní 1987, Tony Clunn, ọ̀gá sójà ọmọ Britain, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wá irin ní Kalkriese, ní Jámánì. Ó rí owó fàdákà, ó tún rí ọta òjé mẹ́ta. Ó kó wọn fún àwọn awalẹ̀pìtàn, ó sì fi ibi tó ti rí wọn hàn wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà lónìí pé agbègbè yẹn ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù mẹ́ta ti ṣègbé ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ká ní ó tà wọ́n ni, òjé lásán ni wọn ì bá jẹ́. Àwa tí à ń bínú lórí ère tí wọ́n kó ní Benin ní 1897, kò yẹ ká máa ra èyí tí wọ́n jí hú nílẹ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀, láti ọdún wo, ìwé rẹ̀ dà? Èyí tó ti jáde kúrò nílẹ̀ rẹ̀ ṣáájú 1970, ọdún tí UNESCO ṣe àdéhùn lòdì sí fàyàwọ́ irú ẹrù yìí, ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Ìkejì, bó bá jẹ́ England tàbí Wales ni wọ́n ti rí i, ṣé ó ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ Portable Antiquities Scheme? Ẹ lè yẹ nọ́ńbà yẹn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkẹta, ṣé yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á dá owó padà bí onímọ̀ bá ní ayédèrú ni?

Àbúrò mi bèèrè. Ọkùnrin náà fèsì pé òrùka náà wá "láti inú àkójọ àtijọ́ kan ní Yúróòpù". Àbúrò mi ní ta ló ni àkójọ ọ̀hún. Ni bàbá yẹn bá bílọ́ọ̀kì rẹ̀.

Mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Òrùka ọ̀hún ṣì wà lórí àtẹ. Ó ti di 120 pọ́n-ùn.