Ẹni Tí Kò Gba Ọlọ́run Gbọ́ Náà Lè Sọ Pé ‘A Dúpẹ́’

Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní, ẹnìkan a máa gbàdúrà, àwọn èrò a sì ṣe àmín. Bí ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà bá jókòó láàárín wọn ńkọ́? Bó bá ṣe àmín, wọ́n á ní alágàbàgebè ni. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní agbéraga ni. Àwọn aláìgbàgbọ́ mìíràn pàápàá ka gbogbo “a dúpẹ́” tó bọ́ lẹ́nu wọn sí irọ́. Lójú tèmi, èdè Yorùbá ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbẹ̀. Láti inú èdè Lárúbáwá ni “àdúrà,” “àlàáfíà” àti “àlùfáà” ti wá, síbẹ̀ wọ́n kún inú Bíbélì Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó ní pásítọ̀ tó ń kéde àlàáfíà ti di mùsùlùmí. Onígbàgbọ́ tó pariwo “Orí mi o!” kò bọ orí kankan. “A dúpẹ́” fúnra rẹ̀ kò dárúkọ ẹni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó béèrè ni pé ara le, ilé sì tòrò.

Táí Ṣólàárín, tó sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́, tó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kò sá fún àdúrà. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 1964, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Times pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí pálapàla. Ìwúre ọdún tuntun ni, ó kàn yí i padà kó lè gún wa ní kẹ́ṣẹ́ ni.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àwọn kì í ṣe àṣà lásán: bí àwọn bá ní “Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ,” tọkàntọkàn ni. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí aláìgbàgbọ́ gbà á bí ẹ̀bùn, kó ní “ẹ ṣé,” kó má sọ ọ́ di àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹni tó bá ń wo ẹnu ọmọnìkejì rẹ̀ bóyá ó ṣe àmín ti sọ ẹ̀bùn di gbèsè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún kálukú lómìnira èrò àti ẹ̀rí ọkàn.

Ẹ̀sùn kan wà tí aláìgbàgbọ́ fi ń kàn wá tí mi ò lè já nírọ́, pé à ń fi orúkọ Ọlọ́run yẹ ìbéèrè sílẹ̀; Agbabu ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ni mo sì ti rí i kedere jù. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ ní 1914 làwọn òyìnbó ti ń gbẹ́lẹ̀ wá bítúmẹ́ẹ̀nì lágbègbè yìí, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ọ̀dà náà ṣì wà nílẹ̀, títì Nàìjíríà ṣì ń fọ́. Bí ará Agbabu bá béèrè lọ́wọ́ aláṣẹ ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, “lágbára Ọlọ́run” kì í ṣe ìdáhùn, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ jẹ́ olùfọkànsìn tó. Díákónì, alfa àti aláìgbàgbọ́ ìlú náà ló ń retí kí aláṣẹ náà dárúkọ oṣù, kó sì sọ iye owó tó wà nílẹ̀.