Ẹ̀kọ́ Oúnjẹ àti Ẹ̀kọ́ Owó Nínú Ọgbà Mọṣáláṣí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ àti àpò owó ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kò kan àlùfáà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó tí ń ra kóńgò ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ kò rà á mọ́. A máa ń pín ìrẹsì nínú oṣù Ràmàdáánì. Ó dára, kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ìrẹsì náà kì í di oṣù tí ó tẹ̀lé e. Èrò tèmi ni pé kí mọṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn aláìní àdúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, níbi tí a ó ti máa kọ́ wọn ní oúnjẹ aṣaralóore àti ètò ìnáwó pọ̀.

Àwọn kan yóò ní, kí ni a fẹ́ kọ́ ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́? Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kíláàsì kò lè fi kún owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, olùkọ́ tí ó bá sì ń sọ fún ìyá aláte pé kí ó máa jẹ ẹran lójoojúmọ́, èébú ni ó ń bú u. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìyá náà ni kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ògì lásán a máa kún inú ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ara dàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti kọjá oṣù 6, ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà tàbí edé tí a lọ̀ kúnná mọ́ ògì náà yóò ṣe é lóore. Ṣáájú oṣù 6, ọmú nìkan tó o, kò sì ná ìyá ní kọ́bọ̀. Omi tí à ń dà sí ìkókó lẹ́nu ni ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Àyà 233 nínú Súrà Al-Baqarah sọ̀rọ̀ fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, àyà kan náà ni ó sì gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá ọmọ lé bàbá lọ́rùn. Nítorí náà, kí àwọn ọkọ náà wá jókòó ní kíláàsì.

Ní ti owó, sogúndogójì ni àwọn baba wa ń pe ayánilówó elélé, ẹni tí ń sọ ogún di ogójì. Inú fóònù ni ó ń gbé lónìí. Ká ní ó yá ìyá kan ní ₦20,000, tí ó ní kí ó dá ₦26,000 padà lẹ́yìn oṣù kan. ₦6,000 jọ owó kékeré. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá ń san èlé yìí nìkan lóṣooṣù, ₦72,000 ni yóò ti san lọ́dún kan, gbèsè ₦20,000 yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kí ọ̀dọ́ kan bá a kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù! Gbogbo wa mọ̀ pé èlé jẹ́ èèwọ̀, ṣùgbọ́n kí a máa pariwo èèwọ̀ lórí mínbárì láì la ọ̀nà mìíràn, kò ran ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lóru lọ́wọ́. Ènìyàn 10 tí ń dá ₦5,000 lóṣù yóò máa kó ₦50,000 fún ara wọn láìsí èlé. A máa ń yin orí pípé alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní kì í kọ nǹkan sílẹ̀ tí kì í sì í ṣi owó san. Orí tiwa kò pé tó bẹ́ẹ̀. Àyà 282 nínú súrà kan náà sì pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀. Kí a kọ́ àwọn ìyá ní ìwé owó kíkọ.

Láti ọdún 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú ètò báyìí fún àwọn ìdílé aláìní, EFNEP ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ará àdúgbò tí wọ́n ń kọ́. Àwa náà ní nọ́ọ̀sì, a ní akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, a sì ní àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n mọ oṣù tí ẹ̀wà máa ń wọ́n. Ìkòkò kan, sítóòfù kan àti bọ́ọ̀dù kan ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àṣálátù ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá bi mí níbi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, ẹ dín aṣọ ẹbí wòlímọ̀ tí ń bọ̀ kù.