Ẹ Má Fi Ọ̀rá Sílẹ̀ Létí Omi Ìkògòsì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtilọ wo omi gbígbóná Ìkògòsì-Èkìtì lásìkò ọlidé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ lọ o. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Nínú igbó, lábẹ́ àwọn igi ńlá tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráàyè là kọjá, ìsun omi méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù nini. Kálukú ń ṣàn tirẹ̀ títí wọ́n fi pàdé. Bí ẹ bá dúró ní ojúkò ibẹ̀, tí ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ omi gbígbóná, tí ẹ fi èkejì tẹ omi tútù, ẹ ó fi ẹnu ara yín yin Olódùmarè. Gbígbóná ọ̀hún kì í ṣe èyí tí ń bó ni lára. Nǹkan bí 37°C sí 38°C ni.

Kò sí ẹni tó ń dáná sábẹ́ rẹ̀. Òjò ló ń rọ̀ sórí àwọn òkè agbègbè náà, igbó ló ń gbà á dúró kó má baà ya lọ, ilẹ̀ a mu ún, a sì gba inú pàlàpálá àpáta lọ sísàlẹ̀ jìnnà. Ooru inú ilẹ̀ ló ń mú un gbóná kó tó tún yọ jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìkògòsì, ní Ìpolé-Ìlórò àti ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí igbó orí òkè tán. Bí ẹ bá fẹ́ sun oko, ẹ kọ́kọ́ ro etí rẹ̀ yíká kí iná má baà wọgbó.

Ní 1952 ni John McGee, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún etí omi Ìkògòsì ṣe fún ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àmọ́ àwọn ará ìlú ti mọ iyì omi wọn kí òyìnbó tó dé.

Ohun tó ń dùn mí jù létí omi náà lónìí ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Àlejò a feyín já igun rẹ̀, a tu ú dànù, a fa omi mu, a ju ọ̀rá sílẹ̀. Atẹ́gùn a gbé e sódò, a há sí gbòǹgbò igi, ewé gbígbẹ a kó jọ sẹ́yìn rẹ̀, omi tó ń ṣàn gaara a wá dúró, a máa rùn. Igun kékeré tí a tu dànù yẹn ńkọ́, ta ni yóò ṣà á?

Ẹ má mú ọṣẹ wọ inú omi náà. Ẹ má sì gbé ìgò wá rárá, torí ẹsẹ̀ lásán ni tọmọdé tàgbà fi ń rìn nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kó ọmọ iléèwé wá, ẹ fi àpò ìrẹsì òfìfo kan sínú bọ́ọ̀sì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ju ìdọ̀tí tirẹ̀ sí i kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ̀yin dẹrẹ́bà, ẹ má gbéra títí wọn yóò fi ṣe é. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé garawa kan síwájú àtẹ fún ọ̀rá. Ẹni tó bá sì bá ọ̀rá ẹlòmíràn nílẹ̀, kó bá wa ṣà á.