Alájọ Gba Ọjọ́ Kan, Onítáì Ńkọ́?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ìyá tó ń dá ₦200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 mọ̀ pé ₦6,200 l'òun dá, ₦6,000 l'òun máa kó. Owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. Ó tán.

Àwọn onítáì tó ń bá wa fowó ra ṣíà ńkọ́? Nínú gbogbo owó ẹ, àtojú owó àtèrè, ni wọ́n ti ń yọ tiwọn lọ́dọọdún, ó jèrè o, kò jèrè o. Lóṣù Kẹta 2008, òdiwọ̀n ọjà ṣíà Nàìjíríà ju 66,000 lọ. Lóṣù Kẹta 2009, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Olówó ń sunkún, onítáì ń yọ tiẹ̀.

Ẹ ṣírò ẹ̀. ₦100,000 tí ò lé, tí ò dín: tí wọ́n bá ń yọ ìdá 2 nínú 100 lọ́dọọdún, lẹ́yìn ogún ọdún, nǹkan bí ₦66,800 ló máa kù!

Wọ́n á ní alájọ lè sá lọ. Òótọ́ ni, owó àjọ kì í sì í bímọ. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn mọ iye tí wọ́n yọ. Onítáì, ẹ kọ tiyín sílẹ̀ ní náírà, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ìyá wa lè kà á.