Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Ẹ Má Sanwó fún Físà Ìtọ́jú Arúgbó Mọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbowó lọ́wọ́ yín báyìí pé òun yóò bá yín rí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba, tí ẹ sì wà ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí ibikíbi ní Nàìjíríà, ẹ dá ọwọ́ dúró. Láti ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi ní físà tuntun fún iṣẹ́ yìí mọ́. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan lọ́hùn-ún, irọ́ ló ń pa.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà náà là rí. Ní oṣù Kejì, ọdún 2022, nígbà tí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì, wọ́n fi iṣẹ́ náà kún àwọn tí àjèjì lè torí rẹ̀ gba físà. Tíṣà lọ, òṣìṣẹ́ báǹkì lọ. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tìlẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni: iye àjèjì tó ń wọlé ti di ohun tí wọ́n fi ń wá ìbò níbẹ̀, ìjọba Keir Starmer sì ṣèlérí pé òun yóò dín in kù.

Ohun tí àwọn oníjìbìtì ń tà ni CoS, ìwé tó ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gba ènìyàn. Agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó ìwé náà fún ìjọba. Pọ́n-ùn 525 ni wọ́n ń gbà nígbà tí ilẹ̀kùn fi tì, òfin sì ti kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ di ẹrù owó náà ru òṣìṣẹ́. Kí wá ni éjẹ́ńtì tó ń béèrè mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù náírà ń tà? Bí ẹ bá sì fi ayédèrú ìwé tọrọ físà, wọ́n lè fòfin dè yín fún ọdún 10. Ní tiyín o! Éjẹ́ńtì ti yí nọ́ńbà fóònù padà nígbà yẹn.

Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ mìíràn ni, kì í ṣe ti arúgbó, ẹ béèrè iye owó oṣù rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó pọ́n-ùn 41,700 lọ́dún kí físà tó lè jáde. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀. Òfin oṣù Keje, ọdún 2025, kò ti ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kàn yín jù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kó ènìyàn wọlé ju iṣẹ́ tí wọ́n ní lọ, òṣìṣẹ́ ń jókòó sílé láìrí ṣíìfùtì. Láàárín oṣù Keje, ọdún 2022, sí òpin ọdún 2024, ìjọba gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìtọ́jú tó lé ní 470. Bí ó bá kan ọ̀gá yín, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó padà sílé. Ẹ má dúró de létà. Orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wà lórí ìkànnì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ti ọ̀gá yín kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an. Ní England, ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, kí ilẹ̀kùn tó tì, òfin ti ní kí àwọn ilé ìtọ́jú kọ́kọ́ wo àwọn òṣìṣẹ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí kí wọ́n tó gba ẹlòmíràn láti òkèèrè.

Bí ẹ bá sì mọ òbí tó ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ rẹ̀ nítorí irú físà yìí, ẹ pè é lónìí, kó tó fọwọ́ sí ìwé.